NẸ́PÀ Ni

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń kàwé oyè kejì lórí bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ kí ó lè parí lásìkò. Bàbá Ìbejì ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Yunifásítì kan ní Ìlú Ọba ló forúkọ sílẹ̀ sí, project management ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà, orí tábìlì ìjẹun sì ni kíláàsì rẹ̀. Kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ọgbà ilé ìwé náà rí. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, èmi ni Bàbá Ìbejì. Ohun tí ojú mi rí ń tì mí lójú débi pé n kò lè fi "mo" sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó", kí èmi náà lè jókòó sọ́dọ̀ yín kí n máa fi í rẹ́rìn-ín.

Kí ènìyàn jókòó sílé kó kàwé ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe nǹkan tuntun. Láti 1858 ni Yunifásítì London ti ń jẹ́ kí ẹni tí kò gbé ọ̀dọ̀ wọn ṣe ìdánwò oyè wọn. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba B.Com. yunifásítì yìí ní 1944, Nàìjíríà níbí ló sì ti kà á. Bàbá Ìbejì fẹ́ràn àpẹẹrẹ yìí púpọ̀. Ó máa ń fi kún un pé kò sí WhatsApp láyé Awólọ́wọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n kọ́ ọ ní àtẹ Gantt. Henry Gantt, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká láàárín 1910 sí 1919: orúkọ iṣẹ́ wà lápá òsì, ọjọ́ wà lókè, ọ̀pá gbọọrọ sì ń fi ibi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí hàn. Karol Adamiecki, ará Poland, ti ya irú rẹ̀ ní 1896, àmọ́ èdè Poland àti ti Rọ́ṣíà ló fi kọ ọ́, aráyé ò tètè gbọ́. Bàbá Ìbejì ya tirẹ̀. Aago márùn-ún sí méje ìdájí, ìwé. Aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá alẹ́, ìwé. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀, láìka òpin ọ̀sẹ̀. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ọsàn, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, wákàtí mẹ́ta ló kà, méjì nínú rẹ̀ ló sì fi kun àtẹ.

"NẸ́PÀ ni," ó sọ fún Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì kò fèsì. Lọ́sẹ̀ yẹn, iná kò lọ rárá ládùúgbò, ohun tó yani lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé kejì fi ń bẹ̀rù pé owó iná oṣù náà yóò pa wọ́n.

Ẹ̀kọ́ náà ní orúkọ fún àrùn tó ń ṣe é. Daniel Kahneman àti Amos Tversky ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1979, planning fallacy: àṣà ọmọ ènìyàn láti máa ka ọjọ́ iṣẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín. Kahneman fúnra rẹ̀ kó sínú rẹ̀. Òun àti àwọn kan ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ kan, wọ́n rò pé bí ọdún méjì ni yóò gbà. Ọdún mẹ́jọ ló gbà. Ní 1994, Roger Buehler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ọjọ́ tí wọn yóò fi parí ìwé àṣekágbá wọn. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n ní ọjọ́ 34. Ọjọ́ 55 àti ààbọ̀ ni wọ́n lò. Bàbá Ìbejì ka èyí sókè fún ìyàwó rẹ̀, ó sì fi àwọn ọmọ Kánádà yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ńlá dé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá iṣẹ́ gidi kan, kó ṣètò rẹ̀, kó bójú tó o títí yóò fi parí, kó wá kọ ìròyìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ yóò pé ẹni ọdún 70 ní oṣù kẹta. Ó pàtẹ́wọ́. Òkúta kan, ẹyẹ méjì: máàkì wà níbẹ̀, ìrẹsì náà wà níbẹ̀.

Ó tò ó bí ìjọba. Ó kọ àtẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ènìyàn 27: alásè, onílù, alága àwọn onílé àdúgbò, ẹni tí yóò pa màlúù, àti ọmọ ẹni tí yóò pa màlúù. Ó kọ àtẹ ewu. Ní ẹ̀gbẹ́ "òjò", ó kọ pé kò lè ṣẹlẹ̀, oṣù kẹta la wà. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, ó fi àwọn tí kò mètò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bú àwọn tó kọ́ Sydney Opera House, tí wọ́n ní mílíọ̀nù 7 dọ́là Ọsirélíà ni yóò ná wọn, tí yóò sì parí ní 1963, tó wá gba mílíọ̀nù 102, tí wọn kò ṣí i títí 1973. Ó yà sí ojú irin Blue Line ti Èkó, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2008, tí wọ́n ní 2011 ni yóò parí, tó jẹ́ pé oṣù kẹsàn-án 2023 ni èrò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kìlómítà 13 péré, láti Marina dé Mile 2. "Àìsí ètò ni," ó kọ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ojú gbólóhùn yẹn kò ṣeé wò fún mi.

Aṣọ òfì tí Màmá yóò wọ̀, Ìṣẹ́yìn ni wọn yóò ti hun ún. Láti mọ ọjọ́ tí yóò gbà, Bàbá Ìbejì lo ọgbọ́n tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lò ní 1958 fún ohun ìjà Polaris, èyí tí wọ́n ń pè ní PERT. Wọ́n á mú ọjọ́ tó kéré jù, wọ́n á fi èyí tó ṣeé ṣe jù lọ́nà mẹ́rin kún un, wọ́n á fi èyí tó pọ̀ jù kún un, wọ́n á wá pín in sí mẹ́fà. Ó mú ọjọ́ 6, 10 àti 20. Ìdáhùn jáde: ọjọ́ 11. Ó fi ọjọ́ méje fún télọ̀, ó fi mẹ́ta sílẹ̀ fún àmúmọ́ra. Ó pe ahunṣọ lórí fóònù, ó sì sọ fún un pé ìṣirò ti fi hàn pé ọjọ́ 11 ni.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti gbọ́," ahunṣọ wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Aṣọ àwọn kan tó ń ṣègbéyàwó ló ti wà níwájú tirẹ̀ lórí òfì.

Láàárín ìgbà yẹn, kíláàsì ń lọ lórí Zoom. Ní Sátidé kan, aago mẹ́wàá bá Bàbá Ìbejì ní ọjà Bódìjà. Ó fi fóònù sápò, ó fi okùn sétí, ó sì wọ kíláàsì láàárín àwọn ẹlẹ́ran. Olùkọ́ ń ṣàlàyé bí a ṣe ń bá àwọn agbaṣẹ́ṣe dúnàádúrà. Bàbá Ìbejì gbàgbé láti pa máìkì. Gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ tó ń ké pé, "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún kẹ̀? Ìyá Alájá, ṣé màlúù tó kàwé ni?" Ọmọ Nàìjíríà kan tó wà ní kíláàsì ló tètè kọ̀wé sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa máìkì yín. Wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́."

Ọjọ́ 18 kọjá, aṣọ kò dé. Níbí ni ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa critical path, ìyẹn ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí ọ̀kan ń dúró de èkejì, tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá fi ọjọ́ kan pẹ́, gbogbo rẹ̀ ti pẹ́ nìyẹn. James Kelley àti Morgan Walker ló gbé e kalẹ̀ ní nǹkan bí 1957, nígbà tí iléeṣẹ́ DuPont ń wá bí wọn yóò ṣe dín àkókò iṣẹ́ wọn kù. Bàbá Ìbejì mọ ìtàn yìí lórí. Àmọ́ nínú àtẹ tirẹ̀, kánópì àti àga ló fi sójú ọ̀nà pàtàkì náà. Aṣọ òfì wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú omi inú ọ̀rá.

Ní alẹ́ ọjọ́rú, fóònù dún. Ìyá Ìṣẹ́yìn ni, ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀, ẹni tí kò sí nínú àwọn ènìyàn 27 yẹn.

"Wọ́n ní àbúrò mi ń ṣe ọjọ́ ìbí."

"Ẹ kú alẹ́, mà. Ẹ má bínú, mà."

"Wọ́n ní ò ń hun aṣọ ní ilé tó kọjú sí tèmi."

Kò mọ ohun tí yóò sọ. Ó ní aṣọ náà ìbá ti parí, NẸ́PÀ ni kò jẹ́.

"NẸ́PÀ?" Ìyá Ìṣẹ́yìn dákẹ́ díẹ̀. "Òfì tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ hun, iná wo ló ń lò?"

Ó pa fóònù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sọdá títì, ó jókòó ti ahunṣọ, kò sì dìde àfìgbà tó fẹ́ jẹun. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, aṣọ wọ mọ́tò. Télọ̀ kò sùn mọ́jú. Nínú ìwé wa, crashing ni wọ́n ń pe kí a fi agbára kún iṣẹ́ kí ó lè yá. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ àpótí.

Ọjọ́ ìbí dùn títí di aago mẹ́ta, tí àkọ́rọ̀ òjò dé tòun ti ìjì. Kánópì orí ọ̀nà pàtàkì náà fò lọ sórí òrùlé aládùúgbò. Màmá mi jókòó sí yàrá nínú òfì rẹ̀, ó ń dán bí oyin, ó ní òjò ìbùkún ni.

Ó ku ìròyìn. Aago méjìlá ọ̀sán Ìlú Ọba, ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù náà, ni gbèdéke rẹ̀. Láti ìgbà òtútù ni Bàbá Ìbejì ti mọ̀ pé wákàtí kan la fi ṣáájú wọn, nítorí náà, aago kan ni tiwa. Ó jókòó, ó ń kun àtẹ. Ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 37, ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ó na ẹsẹ̀, ó ní ìṣẹ́jú 23 ṣì kù. Ọ̀rọ̀ pupa jáde: o ti fi ìṣẹ́jú 37 pẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù kẹta ni àwọn ará Ìlú Ọba máa ń ti aago wọn síwájú pẹ̀lú wákàtí kan. Àná gan-an ni. Àwa kì í ti tiwa.

Máàkì mẹ́wàá lọ. Ó yára kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ó ní NẸ́PÀ ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, olùkọ́ fèsì. Ìbéèrè méjì ló ní. Èkíní, ó fẹ́ mọ ta ni NẸ́PÀ nínú ẹgbẹ́ iṣẹ́ náà, torí kò rí orúkọ rẹ̀ nínú àtẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. (Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ? Láti 2005 ni iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ NẸ́PÀ kò ti sí mọ́.) Èkejì, ó ní ìṣirò owó náà ṣe kedere, àmọ́ ojú ìwé kan péré ni, ìyókù iṣẹ́ ńkọ́, kí sì ni ṣàkì?

Bàbá Ìbejì ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fáìlì mẹ́rin tò síbẹ̀: IKEHIN, IKEHIN TUNTUN, IKEHIN GAN-AN, IKEHIN GAN-AN 2. Èyí tó kẹ́yìn ni àkọsílẹ̀ ọjà Bódìjà. Òun ló fi ránṣẹ́.

Wọ́n gba èyí tó tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàánú-tàánú. Ó gba máàkì 52. Àádọ́ta ni a fi ń yege.

Ìwé àṣekágbá ló kù báyìí. Orí ohun tó ń mú iṣẹ́ pẹ́ ló ń kọ ọ́ lé, ó sì ti ń béèrè àfikún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lánàá, ó jókòó ti fọ́ọ̀mù náà lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ rekete. Níbi tí wọ́n ti ní kó sọ ìdí rẹ̀, ó ti tẹ lẹ́tà mẹ́rin kí Ìyá Ìbejì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwo ẹ̀wà.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "ẹ bá mi pa gílóòbù yín, kí NẸ́PÀ lè rí ibi lọ."