Ta Ló Wọnú Ìkòkò Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Ìyá Ìbejì?

Ẹ sún mọ́bí, ẹ má sì ní èmi ni mo sọ ọ́ o. Nílé wa ní Ìkòtún níbí, Ìyá Ìbejì tí yàrá ẹ̀ kọjú sí balùwẹ̀ ló fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọkọ ẹ̀. Ó ní òun ò ní ra ọtí, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lòun máa pọn. Ọkọ tó búra lọ́dún Iléyá pé òun ò mutí mọ́! Ká fìyẹn sílẹ̀.

Ó rẹ àgbàdo, ó jẹ́ kó hù, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó sè é, ó gbé e kalẹ̀ kó kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, a tọ́ ọ wò. Háà! Bí ẹni ń lá ìṣó. Ìyá Ìbejì figbe ta pé àwọn ayé ti wọnú ìkòkò òun. Gbogbo wa bá kọjú sí Ìyá Fásàsí, nítorí òun ló gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kọjá lóru. Ó ní ìtọ̀ lòun fẹ́ tọ̀. Ìtọ̀ wo ló ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá?

Ọmọ Bàbá Onílé, èyí tó ń kọ́ kẹ́mísírì, ò dá sí i. Ó se omi bọ́hóòlù wa, ó ju tíì sí i. Tíì dú bí aró! Ó ní irin ló wà nínú omi, òun náà ló kun ògiri balùwẹ̀ ní pupa. Ó ní kí a máa da omi náà láti garawa kan sí èkejì, kí afẹ́fẹ́ kàn án, kí irin náà dípẹtà, kó sì rẹlẹ̀ di àárọ̀. Ṣùgbọ́n omi wa kan díẹ̀, irin kì í tètè fi í sílẹ̀, ni ó bá fi ìka bu sódà alákéèkì díẹ̀ péré sí i. Nígbà tí a fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ láàárọ̀, aṣọ náà pọ́n bí ilẹ̀ Ìgándò.

Ìyá Fásàsí ní kí wọ́n kúkú lọ pọn omi ẹ̀rọ ìjọba lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ọmọ náà ní kí wọ́n sè é tàbí kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ mọ́jú, kí oògùn apakòkòrò inú ẹ̀ fẹ́ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọtí á máa rùn bí ọsibítù. Ó ní ní Burton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta jípsọ́ọ̀mù ni omi wọn ń gbà kọjá, ọtí wọn wá dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn apọntí ìlú míì fi ń da jípsọ́ọ̀mù sómi tiwọn. Mo ní ṣé wọn ò ní ra irin tiwa?

Ìyá Ìbejì ti tún òmíràn pọn, ó mọ́, ó ń hó wùrùwùrù. Sátidé la ó mu ún. Ẹ mú ife yín dání, tilé yìí ò tó. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Ìyá Fásàsí pé èmi ni mo kọ́kọ́ nàka sí i.