Wọ́n Kọ Ẹ̀yìn sí Oko Baba Ẹlòmíì

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíì, á ní kò sí oko baba ẹni tó tó ti baba òun. Ẹni tó pa òwe yìí kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọdé yóò dé oko ọ̀hún tán, tí yóò kọ ẹ̀yìn sí i, tí yóò na fóònù sókè, tí yóò fi orí ara rẹ̀ dí gbogbo ebè pa, kí àwọn tó wà nílé lè mọ̀ pé òun dé oko.

Ní Ọ̀tà tiwa, ọ̀rọ̀ oko kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Nígbà tí Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀ lọ́dún 1979, oko ló wá dá sọ́dọ̀ wa. Oko yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ orúkọ ìlú wa, kí ilé ìjọsìn tó ń gba èèyàn 50,000 tó dé lọ́dún 1999. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀tà tó bá ní kò sí oko tó tó ti baba òun kò kúkú jẹ̀bi púpọ̀. Àmọ́ àwọn mẹ́rin tí mo fẹ́ ròyìn wọn yìí, kò sí ọmọ olóko nínú wọn. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní Àtàn, iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ ọ̀sán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọ́n jókòó sídìí súyà ní oríta Àtàn, ọ̀kan nínú wọn wo títì Ìdíìrókò títí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe títì yìí náà ló lọ sókè òkun ni?" Òkè òkun! Kò sí òkun kankan láàárín Àtàn àti Kútọnu, àfi kòtò. Ká tó wí, ká tó fọ̀, wọ́n ti gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn bíi ti àwọn òyìnbó tó ń rin ayé kiri. Wọ́n wá fà mí lọ́wọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà Àjàṣẹ́ lọ sí Kútọnu. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Àgbàlagbà tó yẹ kó sọ pé rárá ti ń wá bàtà. Ẹ má bi mí.

A dé Ìdíìrókò. Ibodè yìí ni ìjọba tì pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, tí wọn ò ṣí i títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022, tí ọkọ wà níhìn-ín tí àna wà lọ́hùn-ún. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ló jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà lè wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi ò gbọ́ èyí rí. Bí wọ́n ṣe lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà ẹni àkọ́kọ́ báyìí, ó gbé e sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ, ó yà á ní fọ́tò, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ti jápa. Ó jápa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ilé-iṣẹ́ ń dúró dè é láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ní Igolo, ní òdìkejì, ọlọ́kadà tó kọ́kọ́ kí wa, Yorùbá ló fi kí wa. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn, tí wọ́n fa ìlà la ilẹ̀ yìí láàárín: Ṣakẹ́tẹ́, Pobẹ́ àti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìpókíá àti Ìlaró bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ inú àwọn ọmọ mi ò dùn sí Yorùbá yẹn rárá. Láti Ajílété ni wọ́n ti ń kọ́ "bọ́ńsùwà" lórí fóònù. Wọn ò wá rí ẹni lò ó fún.

Ilẹ̀ ti ṣú ká tó wọ Kútọnu. A ṣẹ́ owó. Lọ́dún 2014, náírà 1 ń ra bíi sẹ́fà 3. Lónìí, náírà 2 ò ra sẹ́fà 1. Ẹni tó kó owó oṣù rẹ̀ lọ síbẹ̀ wò ó bó ṣe ń rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò. Nílé tí a dé sí, tí wọ́n ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì lọ́kọ̀ọ̀kan, a bá ọmọbìnrin Gánà kan àti ọmọkùnrin ará Jámánì kan, àwọn náà gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ jáde lọ ṣe fàájì. Ó parí. Àwa méje la gun zémijàn, ọ̀kadà tiwọn lọ́hùn-ún, tí àwọn tó ń gùn ún máa ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò tó ní nọ́ńbà. Èdè Fọ̀n ni orúkọ yẹn, wọ́n ní ó túmọ̀ sí pé "tètè gbé mi."

Ìdí ère Amazon la kọ́kọ́ gbà lọ, èyí tí wọ́n ṣí lójú lọ́dún 2022, tó ga ní mítà 30. Iná tàn yí i ká. Ọmọ Abẹ́òkúta kan wà nínú àwọn mẹ́rin yẹn, ọmọ Aké pọ́ńbélé. Ó yíjú sí wa, ó kọ ẹ̀yìn sí ère, ó ya fọ́tò mọ́kànlá. Mo kà á. Ó kọ ọ́ sábẹ́ èyí tó wù ú jù pé: "Èmi àti ìyá mi."

Ìyá rẹ kẹ̀? Àwọn obìnrin ológun Dàhòmì tí ère yẹn dúró fún ni Ọba Ghezo kó wá ja Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹta ọdún 1851, kí wọ́n lè kó ìyá ńlá rẹ̀ lẹ́rú. Ẹnubodè Aró ni Ẹ̀gbá ti dá wọn padà. Wọ́n tún wá lọ́dún 1864, wọ́n tún jẹyán rẹ̀ níṣu. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, ẹ̀ ń bọ́ sínú fọ́tò mi."

A yà síbi tí wọ́n ti ń ta ọtí àti ẹja díndín. Kí wọ́n tó béèrè omi, wọ́n béèrè páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi. Orin tó ń dún níbẹ̀, orin Èkó ni, òun náà ló ń dún ní Àtàn tí a ti wá. Ará Jámánì yẹn nìkan ló jókòó tó dojú kọ ènìyàn. Nígbà tó gbọ́ pé Ọ̀tà la ti wá, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó ní òun ti kà nípa àwọn agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ níbẹ̀, ó ní UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ọdún 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Ṣé ó jìnnà sílé wa? Àwọn ọmọ mi wo ara wọn lójú. Èyí tó gbọ́n jù nínú wọn dáhùn pé: "Ọ̀tà? Ilé-iṣẹ́ ló wà níbẹ̀."

Wọ́n wá béèrè oúnjẹ ìlú náà, èyí tí wọn ò jẹ rí. Wọ́n gbé àkàsà wá nínú ewé, pẹ̀lú ata àti ẹja. Wọ́n gbé ọtí sódábì tẹ̀lé e, èyí tí wọ́n rọ sínú ìgò olómi wúrà, tówó rẹ̀ ga bí àjà. Ọ̀kan tú ewé náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣí ẹ̀bùn ìyàwó, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sínú fóònù, ó ní ẹ wá wo oúnjẹ àwọn Faransé. Ìyá tó gbé oúnjẹ wá dúró tì í, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní:

"Ọmọ mi, ẹ̀kọ mà ni. Ọtí yẹn, ògógóró ni. Ṣé wọn ò dá ẹ̀kọ mọ́ ní Nàìjíríà ni?"

Ó dá fóònù dúró. Ó pa ibi tí ìyá ti sọ̀rọ̀ rẹ́. Ó gbé ìyókù jáde. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ènìyàn bíi igba ti fi ọkàn pupa sí i. Ìyá tó bí i lọ́mọ nìkan ló kọ̀wé sí i tó bi í pé ṣé òun ló mú kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ.

Èmi náà ya fọ́tò kan o, kí ẹ má baà ní mo ń fi ẹnu àgbà sọ̀rọ̀. Èmi àti ìyá elẹ́kọ yẹn la wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ìpókíá ni. Ó ti pẹ́ tó ti dé ilé kẹ́yìn, ó bi mí bóyá wọ́n ti tún títì Àtàn ṣe. Mo ní ká jẹun ná. Bí ẹ bá dé Kútọnu, tí ẹ rí i, ẹ bá mi kí i, ẹ sì bá mi dá a lóhùn.