Disney Fìdítì

Bí ẹ bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kọjá ní Fìdítì rí, ẹ ti rí i, ẹ kàn lè má mọ̀ pé òun ni. Òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn àtẹ ọsàn ìyá rẹ̀, tó gbé ìwé ìyàwòrán lé itan, tó tẹjú mọ́ fóònù. Ó di ọdún kẹta tó ti ń kọ́ animéṣọ̀n n'Ìbàdàn lọ́jọọjọ́ Sátidé. Àwọn ọlọ́kadà ló sọ ọ́ ní Disney Fìdítì. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, àmọ́ ó ti kọ ọ́ gàdàgbà sára báàgì rẹ̀.

Ẹ má pe iṣẹ́ rẹ̀ ní kátúùnù o. Ìyá rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àlàyé tó gbà lọ́jọ́ náà gùn ju ọ̀nà Ìlọrà lọ. Bẹ́ẹ̀ owó ọsàn ló ra láptọ́ọ̀pù.

Ohun tó fẹ́ràn jù ni kó máa sọ bí ọwọ́ òun ṣe ń mọ́ sí i. Nírọ̀lẹ́, níbi tí a ti ń ṣáájì fóònù, yóò fẹ̀yìn ti ògiri, yóò mí kanlẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, lọ́dún tó kọjá, mo ṣì ń wá ara mi ni. Ní báyìí, ilà mi ti ní ẹ̀mí." Mo ní kó jẹ́ n rí ilà tó ní ẹ̀mí. Ó ní inú láptọ́ọ̀pù ló wà, pé bátìrì rẹ̀ ti kú.

Mo padà rí ìwé ìyàwòrán náà. Àwòrán méje. Ọ̀pọ̀ akọni inú rẹ̀ ló wọ agbádá tí apá rẹ̀ bo ìka mọ́lẹ̀, kì í sì í ṣe torí àṣà. Ọwọ́ ló ṣòroó yà. Ẹni tí kò rí agbádá wọ̀ ti ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Inú koríko ni gbogbo wọn dúró sí. Ó ya Ṣàngó pàápàá. Ọba Kòso kó ọwọ́ sẹ́yìn bíi bàbá tí wọ́n ránṣẹ́ pè wá sílé ìwé torí ọmọ rẹ̀.

"Oṣé rẹ̀ dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn ni ọwọ́ ọ̀hún wà."

Fíìmù oníwákàtí kan àbọ̀ ló sì fẹ́ fi ọwọ́ yìí ṣe. Àwòrán 24 ló ń lọ sí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ti ṣírò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 129,600, ó sì kọ iye náà sójú ewé àkọ́kọ́ pẹ̀lú òdòdó yí i ká. Àwọn tí iṣẹ́ yìí mọ́ lọ́wọ́ sábà máa ń lo àwòrán kan lẹ́ẹ̀mejì, tí 12 fi ń tó wọn. Ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn. Nítorí náà, ó ku 129,593.

Nígbà tí animéṣọ̀n *Iwájú* tí iléeṣẹ́ Kugali àti iléeṣẹ́ Disney jọ ṣe jáde ní 2024, ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní Èkó inú rẹ̀ kò burú, pé àwọn tó ṣe é ni kò bi àwa tá a wà nílé. Mo sọ ti Moustapha Alassane ará Niger fún un, tó ti fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ààrẹ nínú *Bon voyage, Sim* ní 1966. Ó béèrè irú láptọ́ọ̀pù tí bàbá náà lò.

Mo tún mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́. Bàbá kan fi ọ̀bẹ fa ilà yí igbá po, kò wọ̀n ọ́n, kò sàmì sí i, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ilà sì pàdé rẹ́gí. Disney káàánú rẹ̀. Ó ní aburú iṣẹ́ yìí ni pé kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n lè tẹ̀ tí wọ́n bá ṣàṣìṣe.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, bọ́ọ̀lù ni: kí bọ́ọ̀lù já bọ́, kó ta, kí títa náà máa relẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró. Láti Àjíǹde tó kọjá ló ti ń wo fídíò lórí bọ́ọ̀lù yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró ra ọsàn. Ìyá rẹ̀ ń bó o, èèpo ń jáde ní okùn kan ṣoṣo, tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú rẹ̀ kò yàtọ̀ láti orí dé ìdí, bẹ́ẹ̀ ojú màmá kò sí níbẹ̀. Awakọ̀ kan ló ń bá ná ọjà. Ni awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ kọ agbọ̀n, agbọ̀n dojú dé. Èyí tó pọ́n jù kanlẹ̀ gbì, ó tẹ̀ pẹlẹbẹ, kò dìde mọ́. Èyí tó ṣì le ta sókè, ó tún ta, ó ta díẹ̀ sí i, ó wá yí gbirigbiri lọ sábẹ́ mọ́tò. Ọsàn kan tiẹ̀ ta lu bàtà Disney.

"Ọkọ mi, gbà mí o, bá mi he ọsàn!"

Ó na ọwọ́ sókè, kò gbójú kúrò lára fóònù.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Bọ́ọ̀lù yìí ti fẹ́ kanlẹ̀."