Ojú Tí Ń Pe Òbúkọ Lólè

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kámẹ́rà ni onílé Àgọ́-Ìwòyè tí ó gba akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo sílé fi ń ṣọ́ géètì. Ṣùgbọ́n àwòrán ni ẹ̀rọ náà ń fi wé àwòrán láti mọ ohun tí ó yí padà. Ohunkóhun tí ó bá ti mì, ìbáà ṣe ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òbúkọ tí ń wá aya kiri, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ti òde àríyá bọ̀, olè ni lójú rẹ̀, fóònù baálé kò sì ní dákẹ́ títí di òwúrọ̀. Ẹ̀yin onílé, ẹ fi ìka pààlà ibi tí kámẹ́rà yóò máa ṣọ́ sójú fóònù yín: ẹ fi géètì sínú, ẹ yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti títì kúrò, ẹ má sì tíì ta ajá, nítorí bí iná bá lọ, kámẹ́rà kì í gbó.