Ọmọ Tó Fẹ́ Di Dáyámọ́ńdì

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kò síṣẹ́ ní Nàìjíríà, ẹ ò mọ ohun tó ń lọ ni. Iṣẹ́ ti pọ̀ débi pé òun gan-an ló ń wá ọmọ kiri báyìí. Àgùnbánirọ̀ á sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, 77,000 náírà tí ìjọba ń san fún un lóṣooṣù á dáwọ́ dúró, kò tíì bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tán tí fóònù rẹ̀ á fi dún: “Ẹ kú oríire! A ti yàn yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ wọ aṣọ ọ́fíìsì.” Kò kọ̀wé sí wọn. Wọn ò dárúkọ iléeṣẹ́, wọn ò sọ irú iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ò bi í léèrè ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Bàbá rẹ̀ ti lọ wá táì tó fi ṣègbéyàwó jáde.

Nígbà tó bá débẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní wo sátífíkéètì rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti fura. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n ti dá padà láti ọ́fíìsì kan dé èkejì nítorí pé kò ní “ìrírí ọdún márùn-ún”, bó bá dé ibi tí wọ́n ti ń pè é ní Ọ̀gá kó tó jókòó, ṣé yóò rántí fura? Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú ooru Ìkejà á bọ́ síwájú, á ké pé, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin mílíọ̀níà!” Gbogbo ilé á dáhùn. Á ní lọ́dún méjì sẹ́yìn, gàrí láìsí ṣúgà lòun ń mu. Lónìí, òun ti kọjá Fàdákà, òun ti kọjá Wúrà, òun ti di Dáyámọ́ńdì. Oyè ibẹ̀ pọ̀ ju ti ààfin lọ, àfi pé kò sí ìjòyè kan tó nílẹ̀. Á wá fi fọ́tò mọ́tò hàn wọ́n. (Mo ti fara balẹ̀ wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ìta mọ́tò ni wọ́n máa ń fara tì. Ta ló wà nídìí kọ́kọ́rọ́, ẹ má bi mí.)

Kẹ́ ẹ má rò pé kò sí ọjà o. Ọjà wà. Ó lè jẹ́ tíì, ó lè jẹ́ ọṣẹ ìfọyín, tàbí ẹ̀gbà ọrùn tó ń lé àìsàn jáde láti orí ẹ̀wù. Òun ni wọ́n fi ń bo òfin lójú. Wọ́n á fi nọ́ńbà NAFDAC hàn ọ́, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn ò sọ ju pé wọ́n ti forúkọ tíì sílẹ̀. Kò ṣèlérí pé ẹni tó ń tà á máa kọ́lé. Wọ́n á gbé ìwé CAC jáde, ṣùgbọ́n CAC ń forúkọ ṣọ́ọ̀bù onídìrí náà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ aráàlú, ọ̀dọ̀ àjọ SEC ló ti gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, ìwé yẹn ni kì í sí nínú fáìlì wọn.

Ọmọ wa á wá ra ẹrù ìbẹ̀rẹ̀, torí níbi iṣẹ́ yìí, òṣìṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ló yá a lówó, owó tó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tuntun. Lọ́jọ́ kejì, ó ti dé ìdí agbada Ìyá Alákàrà.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Tíì tí mo mú wá yìí, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo làkúrègbé.”

“Èló ni, ọmọ mi?”

“Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún péré ni, mà.”

“Páálí kan ṣoṣo? Ṣé ó máa bá mi lọ ẹ̀wà ni?”

“Ẹ jẹ́ ká fi ti tíì sílẹ̀ ná, mà. Ẹ ṣáà wọlé sábẹ́ mi.”

“Èmi? Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, kí n wọ abẹ́ rẹ?”

Ìyá Alákàrà kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ló tẹ̀ yẹn. Tíì kọ́ ni wọ́n ń tà. Ẹni tó máa wọ abẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń tà. Ọmọ náà á kọ́kọ́ ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á ta ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ sùn sí yàrá kan ní ilé ìwé, á ta ẹgbẹ́ akọrin. Bó bá ti ta ẹbí tán, ọjà ti tán nìyẹn.

Upline, ìyẹn ẹni tó wọlé ṣáájú, ní kó mú èèyàn mẹ́fà péré wá, kí àwọn náà mú mẹ́fà mẹ́fà wá. Péré! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò. Mẹ́fà á di 36, 36 á di 216. Ní ìpele kọkànlá, ó ti di 362,797,056. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà kò tó bẹ́ẹ̀, kódà bí a bá ka àwọn tó ti kú tí orúkọ wọn ṣì ń dìbò. Ní ìpele kẹtàlá, ó ti lé ní bílíọ̀nù 13, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Ibi yòówù kó ti dúró, nínú èèyàn mẹ́fà, bíi márùn-ún ló máa wà nílà ìsàlẹ̀ pátápátá tí kò ní ẹnì kankan lábẹ́. Owó àwọn yẹn ni mọ́tò inú fọ́tò.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé ọjà kiri ojúlé lolè. Àmọ́ ẹ wo Amẹ́ríkà tí òwò yìí ti gbilẹ̀. Àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀ ka ìwé tí 70 irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ ara wọn kọ nípa owó tí àwọn èèyàn wọn ń rí. Ìjábọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2024 ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn náà kì í rí ju 1,000 dọ́là lọ lọ́dún kan, wọn ò sì sábà yọ ìnáwó kúrò nínú iye yẹn. Àwọn tí òfin gbà láàyè nìyẹn o.

Àwọn oní sogúndogójì ìṣáájú kò tiẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu pẹ̀lú tíì. MMM tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀ wọ ìlú wa ní ìparí 2015 pẹ̀lú ìlérí èrè ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Ní oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí àwọn èèyàn ń retí owó Kérésì, wọ́n ti àpótí pa, wọ́n ní kí owó sinmi oṣù kan. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì ń sinmi. CBEX dé ní tirẹ̀ pẹ̀lú ìlérí ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù Kẹrin 2025, kò sẹ́ni tó rí owó gbà mọ́. Wọ́n tún wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ san 100 tàbí 200 dọ́là sí i kí wọ́n lè dá a mọ̀: ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé tún padà wá béèrè okùn. Ní Òkè-Àdó n'Íbàdàn, àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n ru àga lọ. Àga yẹn ni èrè ìdókòwò àwọn kan títí dòní.

Ìjọba kò sùn o. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú kí CBEX tó wó, Ààrẹ Tinubu ti fọwọ́ sí òfin tuntun tó de àwọn oní sogúndogójì: ìtanràn mílíọ̀nù 20 náírà, ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Òfin náà dára. Kìkì pé ẹni tó wà lókè pátápátá sábà máa ń wà ní ìlú tí ọlọ́pàá wa ò mọ̀nà rẹ̀, ẹni tí aráàdúgbò sì mọ ilé rẹ̀ ni ọmọ tó wọ táì bàbá rẹ̀. Òun ló mú wọn wọlé, òun náà ni wọ́n máa wá gbá mú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè orúkọ iléeṣẹ́ kí ẹ tó kúnlẹ̀ dúpẹ́, bó bá sì jẹ mọ́ ìdókòwò, ẹ wá a lórí ìkànnì SEC kí ẹ tó yá ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bẹ́ ẹ bá ti dé gbọ̀ngàn náà ná, ẹ bi oníkóòtù yẹn léèrè sókè kí gbogbo ilé gbọ́: “Bí n kò bá mú ẹnì kankan wá títí ọdún fi parí, èló ni ọjà yìí nìkan máa mú wọlé fún mi, ta ló sì ti rí iye yẹn gbà?” Bó bá gbé ìwé àti iye owó jáde, ẹ jókòó kà á. Bó bá ní ọ̀tá àṣeyọrí ni yín, ẹ dìde, ẹ fa ẹni tó jókòó tì yín lọ́wọ́, kí ẹ jọ máa lọ sílé.