Sísọ Ọmọ Ọlọ́mọ ní Orúkọ

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí, ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà pààrọ̀ ọ̀rọ̀ lóde òní a máa yí orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ padà lẹ́ẹ̀kan náà láìyọjú sí ilé ẹnì kankan. Ní ọdún 2002 ni ìròyìn tàn kálẹ̀ pé Yahoo, kí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ má baà fi àṣẹ JavaScript tí ń jẹ́ "eval" pamọ́ sínú lẹ́tà, ń sọ "eval" di "review" nínú ímeèlì àwọn oníbàárà rẹ̀, tí "medieval" fi di "medireview", ọ̀rọ̀ tí ìwé atúmọ̀ èdè kankan kò mọ bàbá rẹ̀.

Ohun èlò tí ì bá gbà wọ́n kì í ṣe tuntun, nítorí láti àwọn ọdún 1960 ni Ken Thompson ti gbé regular expression, ìyẹn àwọn àmì tí a fi ń júwe irú ọ̀rọ̀ tí à ń wá, wọ inú ètò ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá kọ [^a-z]eval[^a-z] ti sọ fún ẹ̀rọ pé ohun tí ó wà lọ́tùn-ún àti lósì "eval" kò gbọdọ̀ jẹ́ lẹ́tà kékeré, "medieval" sì ti bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi "review" rọ́pò rẹ̀, àlàfo tàbí àmì ìdánudúró tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì yóò bá a lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń lo àkámọ́, nítorí ohunkóhun tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ a tọ́jú rẹ̀, a sì fún un ní nọ́ńbà láti apá òsì, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá wá ([^a-z])eval([^a-z]), tí a fi \1review\2 rọ́pò rẹ̀, olúkúlùkù aládùúgbò yóò padà sí àyè rẹ̀.

Àkámọ́ kò kúkú lè gba gbogbo ènìyàn là. Ní ọdún 2008, OneNewsNow, ilé ìròyìn ẹgbẹ́ Kristẹni kan ní Amẹ́ríkà, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń sọ "gay" di "homosexual", ròyìn eléré sísá kan tí ń jẹ́ Tyson Homosexual, bẹ́ẹ̀ Tyson Gay ni orúkọ rẹ̀ láti ilé. Orúkọ náà dá dúró gedegbe, kò sí lẹ́tà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ì bá ta ẹ̀rọ lólobó.

Àwọn tí ó mọ àkámọ́ lò pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tẹ́. Oníṣòwò tí ó fẹ́ fi òdo kan kún iye owó gbogbo ọjà rẹ̀, tí ó sì kọ \10 nínú èdè kọ̀ǹpútà Python, rò pé \1 àti òdo ni òun kọ, ṣùgbọ́n àkámọ́ kẹwàá ni Python kà á sí, yóò sì kọ̀ jálẹ̀ pé kò sí irú rẹ̀. Àfi bí ó bá kọ ọ́ ní \g<1>0 ni ọjà rẹ̀ yóò tó wọ́n.