Ẹnu Kọ́ Ló Ń Náwó

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n bá yín ka owó lójú ìta. Ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn tó ń kàwé nípa owó ni mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ lónìí, kì í ṣe àwọn tó ní in lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wá ta bá ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ nù ún, ẹ má bínú.

Ọmọbìnrin kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àgọ́-Ìwòyè ló ti wá, ó gbé ìdìpọ̀ ìwé lọ́wọ́ wọ ọjà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó wà ní ọdún àṣekágbá ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo, èyí tí Gómìnà Ọnàbáńjọ dá sílẹ̀ ní 1982, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè ní 2001. Ìmọ̀ ìṣàkóso òwò ni wọ́n ń kọ́ ọ, ìwà oníbàárà sì ni próójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dá lé. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá kan tó ń ta gàrí, ó fa bírò yọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní èènì máa ń jẹ́ kí oníbàárà padà wá. Ṣé ẹ gbà gan-an, àbí ẹ kàn gbà, àbí ẹ ò lè sọ, àbí ẹ ò gbà, àbí ẹ ò gbà rárá?"

Ìyá wò ó tòkètilẹ̀. "Ọmọ mi, kọ́ńgò mélòó lo fẹ́ rà?"

"Mi ò fẹ́ ra gàrí mà. Ìwádìí ni mo wá ṣe."

"Hẹn-ẹn. Ẹni tí kò ra nǹkan kan ló wá wádìí àwọn tó ń rà. Ó dáa. Kọ ọ́ pé mo gbà. Kọ 'mo gbà' sí gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí o lè tètè máa lọ kí òjò yìí tó dé."

Báyìí ni ìmọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i nílẹ̀ wa.

Kí n má purọ́, ọmọ náà kò jẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe gbé e fún un ló ṣe gbé e wá. Ìdáhùn olójú márùn-ún yẹn, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Rensis Likert ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1932. Iye èèyàn tó máa bi ní ìbéèrè ńkọ́? Ẹnì kan tó ń jẹ́ Taro Yamane ti bá a ṣírò ìyẹn náà. Ìṣírò Yamane yìí kò ṣòro: bí o bá ti gbà fún un pé kó fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ṣàṣìṣe, tí àwọn tí ò ń wádìí bá jẹ́ 10,000, á ní kí o bi 385. Bí wọ́n bá jẹ́ 100,000, á ní 398. Bí o bá kó gbogbo Ṣáínà sínú rẹ̀, kò ní kọjá 400. Ní Òkè-Ṣópẹ̀n tàbí Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, bí wọ́n bá ń sin òkú àgbà, àwọn tí a kò pè tó wá jẹun níbẹ̀ nìkan ju 400 lọ, Yamane ì bá sì ti yó níbẹ̀.

Ẹ wá bá mi ṣírò tákàdá. Ojú ewé mẹ́rin lọ́nà 400 jẹ́ 1,600. Bí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó di 160,000. Níbo ni tákàdá yìí ti ń wá? Ìjọba àpapọ̀ gbé ilé-iṣẹ́ tákàdá ńlá mẹ́ta kalẹ̀ nílẹ̀ yìí: ọ̀kan ní Jẹ́bà, ọ̀kan ní Oku-Iboku, ọ̀kan sì ní Ìwòpin, nílé wa níbí, ní Ogun Waterside. Tèmi kọ́ ni láti bú ẹni tó kú, ṣùgbọ́n tákàdá tí Ìwòpin ṣe kò jọ èyí tí wọ́n fọ́n fèrè rẹ̀ fún wa. Òkè òkun la ti ń kó tákàdá wọlé láti fi béèrè lọ́wọ́ ara wa ìdí tí òwò wa kì í fi í yọrí. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ti gba máàkì tán, ọ̀dọ̀ alákàrà ni ìwé ìbéèrè náà ń forí lé. Níbẹ̀ ni ìwádìí wa ti ń wúlò jù: ó mọ epo fà.

Ẹ̀sùn tèmi kò ju ẹyọ kan lọ. Ìwé ìbéèrè ń bá ẹnu sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu kọ́ ló ń náwó. Ọwọ́ ni.

Mo dúró ti ìyá yẹn, mo wo ọwọ́. Èmi náà fẹ́ ra kọ́ńgò mẹ́ta. Ó bu gàrí, ó dà á, ó fi ọwọ́ òsì yí ẹnu kọ́ńgò ká bí ẹni tó ń gbé ọmọ jòjòló dání, títí orí gàrí fi ga ṣóńṣó. Ó dà á sínú ọ̀rá mi. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó tún bu ìkúnwọ́ kan, ó wò mí lójú, ó ní, "Tìẹ nìkan nìyí o, oníbàárà mi." Ó jù ú sí i. Orí mi wú. Àdúrà tí mo ṣe fún un lọ́jọ́ náà, mi ò ṣe irú rẹ̀ fún ìyá tó bí mi láti Kérésì.

Ìgbà tó dojú kọ́ńgò délẹ̀ ni mo tó rí ìdí rẹ̀. Ìdí ti wọnú ikùn lọ, bí ẹni pé òòlù ti bá a ṣèpàdé níkọ̀kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìdí yẹn jẹ lára gàrí mi, ìkúnwọ́ kan ló fi dá mi lọ́lá. Gàrí tèmi ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ, èmi ni mo sì ń kí i pé ó ṣeun. Ní 1984, Robert Cialdini ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tí a bá fún ní nǹkan kékeré, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ títí yóò fi san oore yẹn padà. Òótọ́ ló sọ. Ó kàn jẹ́ pé nínú àpò ara wọn ni àwọn olóore inú ìwé rẹ̀ ti ń mú oore jáde. Ìyá gàrí ti kọjá kíláàsì yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sídìí ìdúnàádúrà. Ní 1974, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, ọmọ Ísírẹ́lì méjì, kọ̀wé nípa kẹ̀kẹ́ nọ́ńbà kan tí wọ́n ń yí níwájú èèyàn. Fún àwọn kan ó dúró lórí 10, fún àwọn yòókù ó dúró lórí 65. Wọ́n wá bi wọ́n pé nínú ìdá ọgọ́rùn-ún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìdá mélòó ló jẹ́ ti Áfíríkà. Àwọn tó rí 10 fojú bù ú sí 25, àwọn tó rí 65 fojú bù ú sí 45. Kẹ̀kẹ́ tí kò mọ Nàìjíríà mọ Tógò ló sọ fún wọn bí Áfíríkà ṣe pọ̀ tó! Kahneman gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002.

Aláṣọ kò ní kẹ̀kẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì." O pariwo, o di orí mú, o ṣe bí ẹni tó ń lọ, o padà, o ná an di márùndínlọ́gbọ̀n. O délé, o ń sọ fún gbogbo ará ilé pé àwọn aláṣọ mọ̀ ẹ́ ní ọjà yẹn. Òótọ́ ni, wọ́n mọ̀ ẹ́. Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni wọ́n fẹ́ tà á tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Láàárín 1924 sí 1932, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ilé-iṣẹ́ Hawthorne ti Western Electric, lẹ́bàá Chicago. Ìtàn tó kù nídìí rẹ̀ ni pé wọ́n fi iná kún iná, iṣẹ́ yá sí i. Wọ́n dín iná kù, iṣẹ́ tún yá sí i. Àwọn kan ní ojú tó ń wo àwọn òṣìṣẹ́ ló ń mú wọn ṣe dáadáa. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e títí dòní. Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a kì í jiyàn. Bí mẹ́sẹ́ńjà bá ti súfèé pé ọ̀gá ti dé géètì, ẹni tó ń sùn á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà kíkankíkan, láìsí iná lára wáyà. Ìdí sì nìyẹn tí ìwádìí Chicago kò fi lè wáyé lọ́dọ̀ wa: ẹni tó fẹ́ dín iná kù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí iná.

Èyí tó dé kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ ṣíṣe iṣẹ́ láti ilé. Ní 2024, Nicholas Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú Nature lórí òṣìṣẹ́ 1,612 ní ilé-iṣẹ́ Trip.com ní Ṣáínà. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan máa ṣiṣẹ́ nílé fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ wọn kò bàjẹ́, ìgbéga wọn kò dínkù, àwọn tó ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta dínkù. Ayé pàtẹ́wọ́. Kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀? Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ti ń pín ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, ara rẹ̀ wà lọ́fíìsì. Tó bá di ọ̀sán Ẹtì, ìyá àgbà á ṣàìsàn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ó bá a lójú agbo ní ilé, pẹ̀lú gèlè tàbí fìlà ẹgbẹ́jọdá. Ìyá àgbà kan tí mo mọ̀ ti kú lẹ́ẹ̀mẹrin sínú fáìlì, ó sì ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ nílé. Apẹja Màkún-Omi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Ẹ ní kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé, á bi yín bóyá ẹ ti bá ẹja sọ ọ́.

Abraham Maslow ní 1943 to àìní ẹ̀dá: oúnjẹ, ààbò, ìfẹ́, iyì, kí a tó wá di ohun tí a lè dà. Ó dájú pé kò gba Ìjẹ̀bú kọjá. Níbí, aṣọ ẹbí kò dúró de oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ti fi owó oṣù ra léèsì, wọ́n sì fi gàrí parí oṣù. Thorstein Veblen tó kọ̀wé ní 1899 nípa àwọn tó ń náwó kí ayé lè rí i, òun ló jọ ẹni tó ti gba ìwé ìpè rí.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó wo ọwọ́, ẹ wo ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan, Mike Adenuga. Nígbà tí GSM wọlé ní 2001, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń gbowó. Bí o bá kí ìyá rẹ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, owó ìṣẹ́jú kan ti lọ. Ká ní wọ́n fún wa ní ìwé ìbéèrè lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, "mo gbà gan-an" ni gbogbo wa ì bá kọ, nítorí ìdùnnú fóònù ń pa wá. Ṣùgbọ́n àtàńpàkò wa ń sọ tirẹ̀: fláàṣì lọ́tùn-ún, fláàṣì lósì, ojú lára aago, a já ìpè ní àáyá kejìdínlọ́gọ́ta, ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu. Ilé-iṣẹ́ Adenuga, Globacom, wọlé ní 2003, ó ń gbowó ní àáyá-àáyá. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ náà tẹ̀lé e. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú kò ní bi wọ́n léèrè bóyá ó ń dùn wọ́n láti fi àádọ́ta àáyá tí wọn kò lò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mi ò ní kí wọ́n jó ìwé. Ohun tí ìyá gàrí mọ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, kò sì ní kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n má bàa fi mú un. A nílò ẹni tó máa kọ ọ́. Kó kàn wá jókòó ti igbá gàrí fún ọ̀sẹ̀ kan, kó ka ẹni tó rà, ẹni tó fọwọ́ tọ́ ọ wò tó lọ, ẹni tó gba èènì tó padà wá. Kó yẹ ìdí kọ́ńgò wò pẹ̀lú.

Ìyẹn ni mo ń sọ fún ọmọbìnrin náà, tó ń mi orí. Bí mo ṣe parí, ó fún èmi náà ní ìwé kan. Mo wo ìbéèrè náà: èènì ń darí ibi tí mo ti ń rajà. Èmi tí mo mọ ìwé, tí mo mọ Cialdini, tí mo sì ti rí ìdí kọ́ńgò! Mo fàmì ńlá sí "mi ò gbà rárá."

Ìyá ń di ọ̀rá gàrí mi lẹ́nu. Kò gbójú sókè. "Oníbàárà mi, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Màá wá, mà. Ẹ bá mi fi kọ́ńgò mẹ́ta pamọ́. Ẹ má gbàgbé èènì mi o."